Ibà Tí Kò Ṣe Mí

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsinmi, mo sì kí ọ kú ìfaradà ariwo ìlú ńlá. Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ò ń rí oorun sùn bó ṣe yẹ? Ṣé ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kò fi ọṣẹ rẹ fọṣọ mọ́? Ọlọ́run tí kò fi ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti gbé àpótí rẹ jáde nílé yìí kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láéláé, ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò ní rí ọ kí inú rẹ̀ ru, ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere, àmín. Bí o bá ń béèrè wa, a wà. Ìyá rẹ wà, àwọn adìyẹ wà, òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò tíì yé jò. Mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa tún un ṣe, o sì mọ̀ pé ọdún kẹta ìlérí náà nìyí.

Ara tèmi náà le koko, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Mo rí oògùn tí o fi rán awakọ̀ sí mi gbà, mo sì ka ọ̀rọ̀ tí o kọ pé o ti ń sunkún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí o ti gbọ́ pé ibà dá mi dùbúlẹ̀, pé o fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ kí o wá tọ́jú mi. Má tọrọ àyè. Nu ojú rẹ nù. Ibà kankan kò ṣe mí, ọmọ mi, ẹ̀fọ́rí lásán kò ṣe mí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gbàdúrà fún mi yẹn, mò ń jẹun yó, mo tún ń bu kún un. Irọ́ ni mo pa, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo pa á, kó tó di pé àwọn mìíràn fi iyọ̀ sí i fún ọ.

Ìyá rẹ ti mọ̀ ná. Nígbà tí oògùn náà dé, ó tú u jáde, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ó bu omi sínú ife, ó gbé ìgò àti ṣíbí sórí tábìlì níwájú mi. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ó ní òun mọ̀, ó ní ṣùgbọ́n ọmọ ti náwó sí i, kò sì yẹ kí irọ́ tí mo pa máa lọ láìjẹ́ pé mo tọ́ ọ wò. Ó dúró tì mí títí mo fi gbé ṣíbí kan mì. Àbíkẹ́yìn mi, oògùn náà korò. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní o mọ oògùn rà.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. O mọ Bàbá Tààrà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe káfíńtà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo láti bí ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kì í fa ìlà sára pákó kó tó rẹ́ ẹ, ojú lásán ló ń fi wò ó, á sì fi ayùn lé e, pákó á là tààrà. Òun ló kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí ọ sí. Nígbà tí mo já bọ́ láti orí òrùlé ilé ìwé tí ẹsẹ̀ mi kán, oṣù mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ tèmi, ó tún ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀, bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń ràn. N kò gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ó kọ́kọ́ lọ bi Ọlọ́run léèrè bóyá kí òun gbé mi tàbí kí òun fi mí sílẹ̀.

Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan funfun kan ti ń bò ó lójú méjèèjì. A kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àga kan tó kàn fún ìyá aránṣọ ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, mo ní Tààrà ti ń di Wọ́kuwọ̀ku, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọjọ́ tó fi òòlù gba àtàǹpàkò ara rẹ̀ dípò ìṣó ni ẹ̀rín tán. Ni wọ́n bá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú kejì, ọjọ́ mẹ́ta péré, Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò bá ráyè ṣe tirẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, ẹ̀yìn ìlà ló ń padà sí, ìlà náà sì ti dé ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀rẹ́ mi mú fọ́ọ̀mù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n bá òun kà á nítorí òun kò rí i. Mo kà á. Wọ́n béèrè orúkọ, wọ́n béèrè ọjọ́ orí, wọ́n béèrè bóyá ó máa ń húkọ́, mo wá dé ìlà kan nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ pé kí ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù lọ, tí yóò dúró fún un, fọwọ́ sí ibí. Bàbá Tààrà ní èmi nìyẹn. Kò tilẹ̀ rò ó. O mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ó ní èmi nìyẹn, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Kí ló dé? Nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kéèyàn dúró fún èèyàn. Ṣé o rántí onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà odò, tó dúró fún àna rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀kadà yáni? Àna gun ọ̀kadà sá lọ, wọ́n wá gbé àga onígbàjámọ̀, wọ́n gbé dígí rẹ̀, títí dòní orí àpótí ọṣẹ ló ń gbé àwọn oníbàárà rẹ̀ jókòó sí. Onídùúró ni wọ́n ń mú. Mo wá jókòó, mo rò ó: tí dókítà bá la ojú ọ̀rẹ́ mi, tí ojú náà bá wá lọ, tí kò padà mọ́, kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ onídùúró? Ojú ló lọ, ojú náà ni wọ́n máa gbà. Méjì péré sì ni mo ní, mo ṣì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. Má rẹ́rìn-ín. Bó ṣe yé mi nìyẹn lọ́jọ́ náà, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni, nítorí tí mo bá bi wọ́n, wọ́n lè sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì máa ní láti lọ.

Mo sọ fún Bàbá Tààrà pé kó jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ọlọ́run. Ó ní ohun tí òun fi fẹ́ràn mi nìyẹn, pé mi kì í ṣe ohunkóhun láìbéèrè. O mọ̀ pé Bàbá Orúnkún ni wọ́n ń pè mí ní ìjọ, nítorí gbogbo ṣòkòtò mi ló ti já lórúnkún níbi tí mo ti ń kúnlẹ̀, èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ àdúrà láti ọdún mọ́kànlá. Ó yẹ kí n mọ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí mi ò tíì sọ fún pásítọ̀ gan-an: mo ti mọ ìdáhùn tí mo fẹ́ kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé fóònù tí o rà fún mi ka orí Bíbélì kí ó má bàa bọ́ sílẹ̀. Mo ní Olúwa, ṣé kí n bá ọ̀rẹ́ mi lọ, àbí kí n má lọ, fún mi ní àmì. Mi ò tíì ṣe àmín tí fóònù fi dún. Mo gbé e. O ti yí i sí èdè wa fún mi, Ọlọ́run á bù kún ọ, mo kà á kedere. Ó ní a ti gba ìbéèrè yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, a ó kàn sí yín láìpẹ́.

Mo dojú bolẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe bọ̀wọ̀ fún mi. Láti kékeré ni mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀ pé ó máa ń pe àgbàlagbà ní ẹ. Mo ní bóyá nítorí ewú orí mi ni. Ó ní kí n dúró, kò ní kí n lọ. Inú mi dùn, ọmọ mi, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn dé ibi pé mo jáde lọ bá ìyá rẹ, mo ní kí ó bu oúnjẹ kún tèmi.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé Ọlọ́run ní kí n má bá a lọ? Mi ò lè wò ó lójú kí n sọ ọ́, bí ojú náà tilẹ̀ funfun. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó wá pè mí, tó ti fi aṣọ méjì sínú báàgì, mo ní kó máa lọ, mo ní mo ń bọ̀ lẹ́yìn, mo fẹ́ parí fèrèsé kan ni. Ó ní kò burú, òun á gba àyè sílẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà dé ìdí mọ́tò. Mo padà sídìí fèrèsé. Mo sì pa fóònù náà. Mo sọ fún ara mi pé kí iná inú rẹ̀ má bàa tán ni, nítorí Ọlọ́run ti ní òun máa kàn sí mi, kò sì ní dáa kó pè kí fóònù má lọ. Ìdí kejì wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá tàn án sílẹ̀, Bàbá Tààrà á pè.

Ó pè lóòótọ́. Ó yá fóònù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé, ó yá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò wọlé. Nọ́ńbà tìrẹ tí a kọ sínú ìwé ìwọ̀n pákó rẹ̀ ló ní kí nọ́ọ̀sì wá bá òun tẹ̀, òun ló bi ọ́ pé ṣé kò sí nǹkan tó ṣe bàbá rẹ, pé kò dé, pé ó dá òun lójú pé ibà ti gbé e dè. Ibẹ̀ ni ẹkún rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, tí wọ́n bá ní onídùúró rẹ̀ dà, á ní ó ń bọ̀, pé kì í ṣe irú ẹni tó máa ń dijú sí èèyàn. Wọ́n á ní kó sún sẹ́yìn. Ní Ọjọ́rú, ó ku díẹ̀ kí àwọn dókítà palẹ̀ mọ́, obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, tó ti nu ìdí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, ju àkísà sínú báketì, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó gba fọ́ọ̀mù, ó fọwọ́ sí i. Kò mọ̀ ọ́n rí. Kò mọ ilé rẹ̀. Wọ́n la ojú ọ̀tún fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé ilé ìwòsàn yẹn, ohun tó máa kà ni pé obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló sún mọ́ Bàbá Tààrà jù lọ láyé.

Èmi kò mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà o. Ní Ọjọ́bọ̀, níbi ìpàdé àdúrà, mo tan fóònù, mo gbé e lọ bá Tíṣà, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń darí akọrin, mo fẹ́ kó bá mi ka iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán sí mi fún gbogbo ìjọ. Bí fóònù ṣe tàn ni iṣẹ́ kejì wọlé. Tíṣà ka ti àkọ́kọ́, ó ka ìkejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bi mí pé ṣé mo tẹ nǹkan kan lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo ní rárá, àfi pé fóònù bi mí bóyá mo fẹ́ orin ẹ̀mí tí ẹni tó bá pè mí á máa gbọ́, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹni tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, ó yẹ kéèyàn dá a lóhùn. Tíṣà ní ìbéèrè tí ilé iṣẹ́ fóònù gbà nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ kejì ń sọ pé orin mi ti ṣe tán.

Orin náà ti wà níbẹ̀ báyìí, gbogbo ẹni tó pè mí ló ń gbọ́ ọ, wọ́n ní ó dùn. Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń la òógùn. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín, èèyàn dáadáa ni, ìbá tilẹ̀ sàn kó rẹ́rìn-ín. Ó kàn bi mí pé kí ni mo béèrè tí mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, mo ní kò sí nǹkan.

Ó yẹ kí n gbé mọ́tò lọ bá ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Mi ò gbé e. Mo ní bóyá ó máa dé ná. Ó sì dé ní ọjọ́ Ẹtì, kò kọ́kọ́ ya ilé tirẹ̀, ilé wa ló gbà, pẹ̀lú bàǹdéèjì lójú kan. Kò tíì jókòó tó fi ń fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ní ara mi ti tutù, ó ní ìyìn ni fún Olúwa, ṣé ibà náà ti lọ? Àbíkẹ́yìn mi, irọ́ náà ti jinná kalẹ̀ fún mi, mo kàn bù ú jẹ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibà ni, ó le díẹ̀. Mo tilẹ̀ húkọ́. Ó wá sọ fún mi, láìbéèrè, pé ìdúró tí wọ́n ń wí nínú fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé ẹni tí wọ́n lè pè ni wọ́n ń wá, ẹni tó máa bá èèyàn di bàtà mú tí wọ́n bá ń gbé e wọlé. Bàtà lásán.

Ọjọ́ Àìkú wá dé. Bàbá Tààrà dìde láti jẹ́rìí. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ojú, ó ní òun ti ń rí òwú aláǹtakùn tó wà ní àjà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní kí àwọn tó ń gbá ilẹ̀ rántí òkè. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣùgbọ́n ẹ̀rí kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní nígbà tí òun wà lórí bẹ́ǹṣì tí ọ̀rẹ́ òun kò dé, òun mọ̀ pé ikú tàbí àìsàn nìkan ló lè dá a dúró, ni òun bá sọ fún Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ àdúrà kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu òun, kó fi ojú sílẹ̀, kó gbé ọ̀rẹ́ òun dìde. Ó ní gbogbo àdúrà tó yẹ kí òun gbà fún ojú, èmi ni òun gbà á fún. Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ ní kí n bọ́ síwájú. Mo bọ́ síwájú. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ibà kò ní mọ ọ̀nà ilé mi mọ́. Tíṣà ń nu awò ojú rẹ̀, ó nu ún títí. Ìyá rẹ ń wo bàtà rẹ̀. Gbogbo àgọ́ ara mi ń sọ pé kí n sọ̀rọ̀, kí n sọ ọ́ níbẹ̀, mo la ẹnu, àmín ló jáde.

Níbí ni mo kọ ọ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí ọ ni mo rí i pé mò ń jẹ́wọ́ fún ẹni tó jìnnà, ẹni tí mo ṣẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí mi. Mo dìde, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a níbi tó ti ń fá pákó. Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ pátá, ti fọ́ọ̀mù, ti àga onígbàjámọ̀, ti fóònù, ti ibà. Ó ń fá pákó rẹ̀ lọ títí mo fi dé ibi ibà, ibẹ̀ ló ti dáwọ́ dúró.

Ó wá bi mí pé lọ́jọ́ Ajé tí òun ń wo ẹnu ọ̀nà, níbo ni mo wà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní fèrèsé yẹn. Ó dìde, ó lọ síbi tí fèrèsé fara ti ògiri, ó fi ojú rẹ̀ tuntun wò ó, ó fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní ó wọ́. Ó sì wọ́ lóòótọ́. Ó ní kò dun òun pé ẹ̀rù bà mí. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun náà, ìdí rẹ̀ tí òun fi fẹ́ kí n bá òun lọ nìyẹn. Ó ní ká ní mo sọ pé ẹ̀rù ń bà mí ni, à bá jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà kí ẹ̀rù máa ba àwa méjèèjì. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó, ó lọ sílé, kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mo tú fèrèsé náà palẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún, mi ò tíì gbọ́ bí ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe máa ń dákẹ́ rí. Mo lọ sọ fún pásítọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn darí àdúrà fún ìgbà díẹ̀, kí èmi kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́. Mo ní ó tọ́ sí mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, mo máa dúró níwájú gbogbo ìjọ, ìyá rẹ ní òun á jókòó síwájú kí n má bàa sá.

Òní ni Ọjọ́rú. Bàbá Tààrà dé láàárọ̀, ó kí mi bí ẹni kí ará àdúgbò. Ó ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó wá ní ó ti ń ṣe òun bíi kí òun gba àwọn àdúrà tí òun gbà fún mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn padà, ṣùgbọ́n òun wò ó, àdúrà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà padà, kí n tọ́jú ẹ̀, ọjọ́ tí ibà bá dé ní tòótọ́, á wúlò. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún, mo ṣe méjèèjì. Ó fa fọ́ọ̀mù mìíràn yọ láti inú àpò, ti ojú òsì, àwọn dókítà á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún ojú kejì àwọn tí wọ́n ti ṣe ọ̀kan fún. Mo wo ìlà ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ní obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ni, ó ní òun kò lè yọ orúkọ rẹ̀, pé ó dé nígbà tí kò sẹ́ni tó dé. Mo ní òótọ́ ni. Ó wá fi ìka hàn mí ní ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kékeré, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí yóò mú aláìsàn délé. Kò bẹ̀ mí. Ó gbé pẹ́ńsùlù lé e, ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Mi ò gbàdúrà kí n tó fọwọ́ sí i, Àbíkẹ́yìn mi. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ná, mo wá kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀ pákó, mo gbàdúrà lẹ́yìn náà. Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n tọ́ sí ìlà kékeré náà. Fóònù kò dún, mi ò sì retí kó dún.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, àti owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, nítorí àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ ti wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò ní dìde níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá pè wá. Bó bá ṣẹ́kù díẹ̀, bá mi ra bàtà kan tí omi kò lè wọ̀ fún obìnrin tó ń nu ilẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ní ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù nínú omi látàárọ̀ dalẹ́. Má fi oògùn ránṣẹ́ mọ́, jọ̀ọ́, ṣíbí mẹ́rin ló ṣẹ́kù nínú ìgò, ìyá rẹ sì ti ka gbogbo rẹ̀.

Olúwa yóò wà pẹ̀lú rẹ ní ọ́fíìsì àti nínú yàrá. Kò ní jẹ́ kí o dá nìkan dúró níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè pé ta ni ẹni rẹ. Yóò fún ọ ní ọ̀rẹ́ tó máa dé kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n àdúrà tí mò ń gbà fún ọ jù báyìí, èyí tí mò ń gbà láti ìsàlẹ̀ ikùn mi, ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o di ẹni tí wọ́n ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ó ń bọ̀, tí kò sì ní dé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.